Ọmọ mi fẹ́ wọṣẹ́ ogun ojú omi, ìyá ọkọ mi ní kò gbọdọ̀ lọ

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Àkọ́bí mi, Túnjí, pé ọmọ ọdún 18 lọ́dún yìí, ó sì ti fi dandan lé e pé iṣẹ́ ogun ojú omi ní Kútọnu ni òun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ti gbà. Ó ní ti orí omi sàn ju ti orí ilẹ̀ lọ, pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í rí ọ̀tá sójú. Ìyá ọkọ mi ní àfi tí òun bá kú. Ẹ̀gbọ́n wọn kan bá Faransé lọ sógun ní ọdún 1939. Ó padà dé láàyè, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn tó dé ni màmá fi ń sunkún títí dòní: kò rówó gbà, kò rẹ́ni bi í pé báwo ni, ilé tó ń jò ló kú sí. Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni màmá fi ń dẹ́rù bà wá ni, àbí bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ọmọ mi? Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú. Èmi ni Ìyá Túnjí.”

* * *

Ìyá Túnjí, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bàbá Túnjí, torí pé ohun tó sọ yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti dá sí ìbéèrè yín ń sọ: orí omi sàn, wọn kì í rí ọ̀tá sójú.

Òótọ́ ni, wọn kì í rí i. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀, ó lè gbẹ́ kòtò, ó lè sá wọgbó. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ibi tí àdó bá ká a mọ́, ibẹ̀ náà ni. Iná wà níwájú, omi wà lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1916, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì kojú ara wọn nínú òkun Àríwá, níbi tí wọ́n ń pè ní Jutland. Nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Chester, ọmọ ọdún 16 kan wà nídìí ìbọn ńlá. John Cornwell ni orúkọ rẹ̀, Jack ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yí irin tí wọ́n fi ń wọn ibi tí ọta yóò balẹ̀ sí. Kò pẹ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀ tí àfọ́kù àdó gbá àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí ìbọn yẹn lulẹ̀, àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ń kú lọ. Irin wọ Jack náà láyà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí ẹnìkan pàṣẹ fún òun. Wọ́n gbé e dé èbúté Grimsby, ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Talákà ni àwọn òbí rẹ̀, sàréè gbogbogbòò ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Ìgbà tí ìròyìn rẹ̀ dé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n hú òkú ọmọ náà, wọ́n fi ẹ̀yẹ ńlá tún un sin ní oṣù keje, wọ́n fún un ní Victoria Cross, tí kò sí àmì ẹ̀yẹ tó ju u lọ lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún yẹn kan náà. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1919, nínú ìṣẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti fi ọmọ rẹ̀ yangàn tán. Àwọn àgbà sọ pé ìgbà tí a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ère ni Jack dà. Ìyá rẹ̀ ni kò rẹ́ni wò ó.

Nítorí náà, kí bàbá Túnjí jọ̀wọ́ mú ọ̀rọ̀ “inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí” kúrò nínú ohun tó ń sọ fún ọmọ. Bó bá máa lọ, kó mọ ibi tó ń lọ.

* * *

Ẹnìkan láti Ṣábẹ bínú sí mi. Ó ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn ọmọdé tó fi irọ́ wọṣẹ́ ogun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé: ẹni tó bá pa ọjọ́ orí rẹ̀ dà kó tó wọlé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba tirẹ̀ jẹ́, ìjọba kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tí n kò lè kà tán.

Ẹ gbọ́ ti Calvin Graham kí ẹ tó dájọ́. Ọmọ Texas ni, ní Amẹ́ríkà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1942, ó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó fọwọ́ sí ìwé lórúkọ ìyá rẹ̀, ó sì di ọmọ ogun ojú omi. Ọmọ ọdún 12 ni. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yìí, oṣù mẹ́ta péré ló fi ní àkísà tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ní láyé wọn. Ọkọ̀ rẹ̀, South Dakota, bọ́ sínú ìjà òru nítòsí erékùṣù Guadalcanal nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Àfọ́kù irin ya á lẹ́nu, ó ya á lágbọ̀n. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó ń fa àwọn tó fara gbọgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé bẹ́líìtì ìdí àwọn òkú ni òun ń tú, tí òun fi ń di ẹsẹ̀ àti apá àwọn tó ṣì ń mí, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára wọn.

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé fún bí oṣù mẹ́ta, wọ́n gba àwọn àmì ẹ̀yẹ náà padà, wọ́n lé e dànù láìní ìwé tó dáa lọ́wọ́ ní ọdún 1943. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà nìyẹn. Ọdún 1978 ni Ààrẹ Carter tó dá èyí tó pọ̀ nínú àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà fún un. Ọdún 1988 ni Ààrẹ Reagan tó fọwọ́ sí owó ìtọ́jú ara. Ó kú ní ọdún 1992. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ìyàwó rẹ̀ ló gbà á, ní ọdún 1994, nígbà tí ẹni tó ni ọgbẹ́ ti wà nínú ilẹ̀.

Irọ́ lọmọ náà pa, n kò ní sọ pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gba irọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Oníṣègùn yẹ eyín rẹ̀ wò, eyín kì í sì í purọ́ ọjọ́ orí. Àwọn àgbà tó tò ó mọ́ ìlà mọ̀ pé ọmọdé ni. Ènìyàn ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dijú. Ọjọ́ tí ó kan owó ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹni tó bá gba ọmọ sínú ogun ti gba gbèsè ọmọ náà, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò ní yẹ̀.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fi ń dùn mí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti ọdún 1989 títí di ọdún 2010, mo ń bá àwọn tí kò gbọ́ Faransé kọ ìwé. Tábìlì kan, àga méjì, agboòrùn ńlá kan. Àwọn arúgbó tó bá Faransé jagun wà lára àwọn tó máa ń wá jù, nítorí owó ẹ̀tọ́ wọn. Bàbá kan ń wá láti ẹ̀bá Kétu. Tàsí àkọ́kọ́ ló máa ń wọ̀, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń kúrò nílé. Inú agolo bisikíìtì ló ń kó ìwé rẹ̀ sí, ó fi ọ̀rá wé e, ó tún fi aṣọ wé ọ̀rá náà. Wọ́n ti ká ìwé ológun rẹ̀ sí mẹ́rin láti bí ọdún 50, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì ti já. Ibi tí ó já náà, àárín ọdún ìbí rẹ̀ ló gbà kọjá. Faransé kọ ọ́ pé “né vers 192”, ìyẹn ni pé nǹkan bí ọdún náà ni wọ́n bí i, nọ́ńbà tó kẹ́yìn wá wà lójú ibi tó já. Irun kan dúró lókè, ẹsẹ̀ kan wà nísàlẹ̀. Àwọn akọ̀wé Faransé ayé àtijọ́ máa ń fa orí 1 gùn, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á pè é ní 7.

Ọ́fíìsì pè é ní 7. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọdún 1927 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó sọ pé Jámánì mú òun lẹ́rú lójú ogun ní ọdún 1940, ọmọ ọdún 13 kò sì lè jagun. Mo bá a kọ lẹ́tà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo bá a wá ẹ̀rí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gbà rẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Nígbà kẹrin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá, ó gbé agolo bisikíìtì náà dání, ó bi mí pé kí ni òun lè fi ṣe. N kò tíì gbọ́ orúkọ Calvin Graham nígbà náà. Ì bá ṣe pé mo ti gbọ́ ọ ni, ǹ bá ti fi kún lẹ́tà: ẹ ní ọmọ ọdún 13 kò lè jagun, ọmọ ọdún 12 wà nílẹ̀ tó jagun, tó gba àmì ẹ̀yẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí àwọn tí wọ́n ń sọ pé “ẹni tí kò gbébọn kì í ṣe ológun.”

Ìyàtọ̀ wà láàrin ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ ẹrù, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ogun 1939 sí 1945, ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń wá kiri jù, torí pé oúnjẹ, epo àti ọta wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tù ú pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 16, 17. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà láàrin wọn, ìdí iná àti ilé ìdáná ni wọ́n pọ̀ sí, owó tí wọ́n ń san fún wọn kò sì tó ti òyìnbó ẹgbẹ́ wọn.

Nínú ọkọ̀ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, títí di oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì ni àdéhùn iṣẹ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ parí. Ẹ fara balẹ̀ ro ìyẹn. Ọmọ kan ń di pákó mú lójú agbami, kò tíì mọ̀ bóyá òun á yè, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé iṣẹ́.

Ti Amẹ́ríkà kò sàn jù. Wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1944 pé kí wọ́n rán sójà tó bá padà dé lọ sílé ìwé, kí wọ́n yá a lówó kọ́lé. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ẹrù kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n tó kà wọ́n mọ́ ajagunfẹ̀yìntì. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà ogun ti ń lọ sí ọdún 65. Ilé ìwé wo ló fẹ́ lọ mọ́? Ní ọdún 2020 wọ́n tún ṣe òfin àmì ẹ̀yẹ wúrà fún wọn. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó la yìnyín òkun kọjá lọ sí Rọ́ṣíà láàrin ọdún 1941 sí 1945, ọdún 2013 ni wọ́n tó fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn, nígbà tí àwọn tó ṣẹ́ kù ti lé ní ọmọ ọdún 85.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín ṣe kúkù nínú ọkọ̀ ẹrù nígbà yẹn. Títí tó fi kú, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lóru, ó máa ń dìde jókòó, ó máa ń wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò wá sídìí tábìlì mi rí. Ó ní kí lòun fẹ́ kọ, òun kì í ṣe sójà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ màmá báyìí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ pé ẹ̀rù arúgbó ni. Kì í ṣe ẹ̀rù arúgbó.

Kétu mọ ohun tó ń jẹ́ ogun òyìnbó dáadáa. Láti ọdún 1912 ni Faransé ti ṣe òfin pé àwọn yóò máa fi ipá mú ọmọ ilẹ̀ wa wọṣẹ́ sójà. Nígbà tí ogun 1914 dé, ìlú tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú ènìyàn, ọ̀dọ́kùnrin á ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan, nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí nítòsí Pobè dìde sí Faransé, wọ́n jà. Síbẹ̀, láti gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 200,000 ni wọ́n kó wọṣẹ́ sójà nínú ogun yẹn, nǹkan bí 30,000 ni kò padà.

Àwọn arúgbó tó wá sídìí tábìlì mi, ogun kejì ni wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti orí ìbọn. Orí omi ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kútọnu kò tíì ní èbúté bí ti òní, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965. Afárá irin gígùn kan ló wọ inú òkun, ọkọ̀ ńlá á dúró lókèèrè. Wọ́n á kó ènìyàn sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè, á sọ̀ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bàbá oníagolo bisikíìtì yẹn kò rí òkun rí kó tó di ọjọ́ náà. Ó ní òun di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mú débi pé èékánná òun wọ ọ́ lára, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí ogun tú sílẹ̀ tí omi kò tú sílẹ̀. Nínú oṣù kìíní ọdún 1920, ogun ti parí ju ọdún kan lọ, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Afrique kúrò ní Bordeaux, ó ń lọ sí Dakar. Àwọn sójà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń padà sílé wà nínú rẹ̀. Ó rì nítòsí Île de Ré, ó sì lé ní 500 ènìyàn tó bá a lọ.

Ti owó ló wá kàn. Àwọn tó padà dé ní owó pansíọ̀n tí Faransé ń san. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, ilé aṣòfin Faransé fi gbólóhùn kan sínú òfin ìsúná wọn pé owó ajagunfẹ̀yìntì àwọn ilẹ̀ tó bá gba òmìnira yóò dúró sójú kan. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Ti ọmọ Faransé tí wọ́n jọ sùn nínú kòtò kan náà ń lọ sókè lọ́dọọdún, tiwọn dúró, ọjà sì ń gbówó lé e. Àwọn ará Senegal 743 gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì dá wọn láre ní oṣù kẹrin ọdún 1989. Ọdún 2001 ni ilé ẹjọ́ Faransé fúnra rẹ̀ tó sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tọ́. Wọ́n bu díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún bu díẹ̀ sí i ní ọdún 2007. Ọjọ́ kìíní ọdún 2011 ni wọ́n tó sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbọọgba, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn ti pa á láṣẹ ní oṣù karùn-ún ọdún 2010.

Ọdún 2010 ni mo kó tábìlì mi kúrò. Nínú àwọn arúgbó tí mo ti bá kọ ìwé, àwọn tó ṣì wà láàyè kò ju ìka ọwọ́ kan lọ.

* * *

Ìjà tó le jù níbí ni ti ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn kan ní Faransé nìkan ni, kí a yéé da Benin láàmú. Àwọn kan ní láti ọdún 1960 ni ilé ti di tiwa, kí a yéé na ọwọ́ sí òyìnbó. Ẹnìkan tilẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí ló yẹ kó tọ́jú arúgbó wọn, ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́.

Ẹni tó ránni níṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́. Faransé ló ránṣẹ́, Faransé ló jẹ owó. Èyí kò sì ní kí ìjọba tiwa máa wo arúgbó tó ń tò lójú oòrùn láìfún un ní ìjókòó. Ti mọ̀lẹ́bí, mo ta kò ó pátápátá. Mo rí àwọn ọmọ tó ń ta ilẹ̀ kí bàbá wọn lè rí owó mọ́tò wá tọrọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ti ṣe tiwọn ju bó ti yẹ lọ.

Ẹni tó bá sọ pé ọlá ti tó, pé owó kọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì, kó rántí Thiaroye nítòsí Dakar. Àwọn sójà Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́wọ̀n Jámánì ń béèrè owó iṣẹ́ wọn tí wọn kò tíì san. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, àwọn ọ̀gá wọn pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn fún wọn. Faransé kọ 35 sílẹ̀ pé wọ́n kú, àwọn òpìtàn sọ pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọdún 2024 ni ààrẹ Faransé tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ààrẹ Senegal pé ìpakúpa ni. Owó tí wọ́n béèrè yẹn, owó iṣẹ́ ara wọn ni.

* * *

Ìyá Túnjí, mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń dúró.

Ti Túnjí yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n màmá níbi kan: orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ló fẹ́ sìn, òfin ilẹ̀ yìí ni yóò bo owó rẹ̀, kì í ṣe ojú àánú ará Paris. Iṣẹ́ náà sì wúlò fún wa. Ní ọdún 2011, àwọn ọlọ́ṣà orí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọkọ̀ tán lójú òkun Kútọnu, ó di dandan kí ọkọ̀ ogun tiwa àti ti Nàìjíríà jọ máa ṣọ́ omi. Ẹni tó bá jẹun láti ara èbúté yẹn, ó jẹ nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ikú pamọ́ fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, sójà wa 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní àríwá, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ka iye náà. Ọmọ òbí kan ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kí Túnjí gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó má jẹ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ní ibùdó. Bó bá gbọ́, tó sì ṣì fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Kí ó lọ jókòó ti màmá ní alẹ́ kan ṣáájú, kó jẹ́ kí màmá sọ gbogbo rẹ̀ tán, kó má dá a lóhùn.

Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni ti ìwé, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n ń gbàgbé ènìyàn. Àwọn ènìyàn rò pé ìgbàgbé a máa dé fúnra rẹ̀, bí ewéko ṣe ń bo ọ̀nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kan á wo ìwé, á ní ọjọ́ orí kò bára mu, tàbí pé o kì í ṣe sójà, tàbí pé o kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa mọ́, á sì tì í padà sí ọ lábẹ́ wínńdò. Nítorí náà, ohunkóhun tí Túnjí bá fọwọ́ sí, kó ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín ní Kétu. Bó bá ṣèṣe, ì báà ṣe pé ìka ló ṣẹ́, kó má kúrò níwájú dókítà ibùdó láìgba ìwé tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Ọgbẹ́ tí wọn kò kọ sílẹ̀ lónìí, wọn á ní oko ló ti gbà á nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 60. Kó kọ orúkọ ọkọ̀ tó bá wọ̀ àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Àwọn bàbá tí mo bá kọ ìwé ì bá ti jèrè gan-an ká ní wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ká ìwé kankan. Inú fáìlì ni kó wà, ní títẹ́jú.

Mo ti wo àwòrán ìwé méjì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ọjọ́ ìbí bára mu, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Olatoundji ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí, Olatunji ni ilé ìwé kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ ti lè máa rò pé orúkọ kan náà ni. Wínńdò kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ẹ mú méjèèjì lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó tó fi orúkọ sílẹ̀ ní Kútọnu. Kí Túnjí fúnra rẹ̀ bá yín lọ, kó sì ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú akọ̀wé kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀.